Òṣómàáló Ilé Omi

Aago méjì òru ti kọjá. Láti ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni wọ́n ti mú iná lọ.
Lẹ́yìn Òkè Ìmọ̀, nínú ahéré onípáànù tí a kọ́ fún jẹnẹrétọ̀,
mo lóṣòó.
Àwọn baba wa ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ onílẹ̀,
wọ́n padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gba owó mi.
Èmi náà rèé, níwájú irin aláwọ̀ ewé tó jẹ Iléṣà ní gbèsè omi.
N ò ní dìde.

Ìbídàpọ̀ di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń yán.
Bátìrì wà láàyè.
Ọ́ìlì dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ó pé.
Mo tẹ sítátà:
ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́,
bí àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé tó wá rí àlejò.

Mo tú fílítà, mo da inú rẹ̀ sínú ìgò kóòkì,
mo gbé e sójú tọ́ọ̀ṣì.
Dísù wà lókè, ó rí bí oyin.
Nísàlẹ̀, omi.
Omi tó mọ́ gaara!
Ìbídàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín:
"Ọ̀gá, omi tí gbogbo Ìṣọkùn ń wá, ibi tó sá pamọ́ sí rèé."

Ta ló bu dísù tó fomi dí àlàfo rẹ̀?
N ò bi í. Ìbéèrè yẹn kì í tún ẹ̀rọ ṣe lóru.

Ìwé kan wà tí wọ́n fi okùn so mọ́ ògiri,
ọwọ́ Bàbá Fámúrewá ni, kó tó fẹ̀yìn tì:
"Ọjọ́bọ̀. Iná wà. Mo ṣí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fa omi ìdí táǹkì dànù.
Ọjọ́bọ̀. Iná wà. Eku jẹ wáyà kan, mo ti so ó.
Ọjọ́bọ̀. Iná wà."
Wọ́n ní bàbá arúgbó ń fi dísù ìjọba ṣòfò.
Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ìwé funfun,
funfun,
aláǹgbá ti yàgbẹ́ sí ọ̀kan.

A fa ìdí táǹkì títí dísù gidi fi yọjú.
Mo dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀nà epo, Ìbídàpọ̀ ń fi àtàǹpàkò tẹ pọ́ǹpù ọwọ́:
ó ń hó bí ọṣẹ, ó ń hó,
ó ń hó,
kò hó mọ́.
"Tẹ̀ ẹ́."
Ó wúkọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó bú ramúramù,
páànù òrùlé ń gbọ̀n, ẹyẹ fò kúrò lórí máńgòrò,
orúnkún mi dún kọ́, mo dìde.

Ilẹ̀ ń mọ́ bí ọ̀kadà wa ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀rẹ̀jà.
Ẹnu ẹ̀rọ kan ń súfèé níwájú ilé kan, atẹ́gùn ló ń kọ́kọ́ tu.
Ìyá kan sáré gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, ó kígbe wọ inú òkùnkùn ilé:
"Ẹ jí o! Wọ́n ti muná wá!"
Ìbídàpọ̀ bojú wẹ̀yìn wò mí.
Mo gbọ́ òórùn ọwọ́ mi.
Mo ní kó yí ọ̀kadà padà,
a ò tíì kọ nǹkan kan sínú ìwé yẹn.