Etí Mi Ni Mo Fi Ń Ṣiṣẹ́

Etí mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ó yé yín.
Ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ odò, Lafẹ́nwá:
bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá
mo ti mọ̀ bóyá púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí,
bóyá fáńbẹ́lìtì ló ń sunkún,
bóyá ẹni tó ń wà á ni kò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ láti Iléyá èṣí.

Mufútáù, ọmọ iṣẹ́ mi, ló mú ìwé ìpè wá:
gbogbo mẹkáníìkì, gbogbo ọlọ́kadà, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀,
kí wọ́n wá sí pápá ilé-ìwé ní Ìbarà lọ́jọ́ Sátidé
wá wo ọkọ̀ tí kì í mu epo.
Mo ní, kí ló wá ń mu, ògì?

Mo lọ ṣá. Mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ síbi ìsìnkú.

Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n tò wọ́n sí:
kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì, ọ̀kadà mẹ́rin,
ọkọ̀ funfun kan tó ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.
Ọmọbìnrin kan, Táíbátù Ṣóẹ̀tán, gíríìsì wà létí híjáàbù rẹ̀
(ìyẹn ni mo fi gbà á gbọ́ díẹ̀),
ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo wò.
Kò sí kábúrétọ̀. Kò sí púlọ́ọ̀gì. Kò sí sàlẹ́ńsà.
Ó dà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀
tí kò bá ẹnì kan tó mọ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ tẹ́tí, mo ti tan án."
Mo tẹ́tí. Mo gbọ́ ewúrẹ́.
Mo gbọ́ ọmọ kan tó ń tọrọ bisikíìtì.
Ọkọ̀ ti jí, n kò gbọ́ èémí rẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀kadà kan gbé èrò méjì gun òkè Ìtòkò lọ bọ̀,
àfi bí ẹni pé òkè náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un.
Àwọn ọlọ́kadà hó yèè, wọ́n ń ṣírò owó epo ọjọ́ kan.
Gàníyù tó ń ta epo inú jálá lẹ́bàá títì kò ṣírò.
Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn: "Iná wo la ó fi gba agbára sí i?
Èyí tí wọ́n mú lọ láti Ọjọ́bọ̀?"
A rẹ́rìn-ín títí. Táíbátù náà rẹ́rìn-ín,
ó nawọ́ sí orí òrùlé kíláàsì,
páńẹ́ẹ̀lì sólà méjìlá tí wọ́n nà sílẹ̀ bí aṣọ tí a sá.
"Kò lè tó gbogbo yín. N kò ní parọ́."
Mo tún gbà á gbọ́ sí i.

Ìgbà náà ni Màmá Ẹfúnwùnmí dìde lórí bẹ́ǹṣì,
ẹni tí kò ríran láti bí ọdún méjìlá.
Ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
"Ariwo ọkọ̀ ni mo fi ń sọdá ní Ṣàpọ́n.
Bí gbogbo yín bá di ẹlẹ́sẹ̀ ológbò,
kí ni n ó fi mọ̀ pé ikú ń bọ̀?"

Pápá pa rọ́rọ́.
Táíbátù fi bírò kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

Mo kúnlẹ̀ tòun ti bàtà ìsìnkú. Mo ní kí wọ́n rọra wà á kọjá.
Ohùn kan wà níbẹ̀! Ó tín-ín-rín,
bí ẹ̀fọn tó há sínú irọ̀rí.
Mo ní, "Bẹ́árìn ẹ̀yìn, apá òsì, ó ti ń jẹ."
Wọ́n fi jáàkì gbé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.
Mufútáù ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé òun ló bí mi.

Màmá Ẹfúnwùnmí kò pàtẹ́wọ́.
"Etí tìrẹ nìyẹn," ó ní. "Tèmi ńkọ́?"

Ọjọ́ Ajé, kí n tó jẹun, mo ti wà nínú pàǹtí irin,
mò ń wá agogo.