Ẹsẹ̀ Kẹrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù, Sotis, kí o pé ọdún mẹ́jọ.
Lẹ́yìn ìyẹn, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ò ní gbà ọ́ mọ́.
Arúgbó lo dà lójú wọn,
ìwọ tó o ṣì ń lé ẹyẹ òkun títí dé etí yìnyín
lẹ́yìn ilé wa ní Härnösand,
tó o sì ń bọ̀ wá gbọn omi sí mi láṣọ.

Mo tẹ́ ìwé wọn sórí tábìlì ìdáná.
Mo wọ gíláàsì Sixten, torí tèmi ti fọ́.
Igba ó lé ogójì kúrónà lóṣù:
lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.
Bí o bá wá gbé ọdún mẹ́fà míì láìṣàìsàn ńkọ́?
Owó yẹn ì bá tún òrùlé ilé ọkọ̀ ojú omi ṣe.
Mo ní kí n má ka òrùlé mọ́ ọ. Mo tún kà á.

Torvald aládùúgbò yà wọlé, ó rí ìwé, ó rẹ́rìn-ín.
"Nígbà tiwa, ọta ìbọn kan ṣoṣo ni adójútòfò ajá."
Kò sọ ọ́ láti ṣèkà. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn.
Ó mu kọfí, ó sì ń yọ́ wàràkàṣì sí ọ lábẹ́ tábìlì
bí ẹni pé èmi ò rí i.

Ṣùgbọ́n mo rántí Murre.
Òkúta ló gbé mì, ìfun rẹ̀ dí.
Oníṣègùn ẹran ní Sundsvall kọ iye kan sórí bébà kékeré,
ó yí i sí wa, kò lè pè é lẹ́nu.
Sixten wo bébà náà pẹ́,
ó wá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ajá lórí.
Okùn ọrùn lásán la gbé padà sílé.
Ó tó ogún kìlómítà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀,
ohun tó sì sọ náà ni pé epo mọ́tò ń tán.

Nítorí náà mo mú kálàmù.
Ọjọ́ orí. Ìwọ̀n. Irú ajá: mo kọ "àdàlù," torí ìyá rẹ nìkan la mọ̀.
Ìbéèrè kọkànlá:
Ǹjẹ́ ajá yìí ti tiro rí?

Oṣù Fẹ́búárì ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, apá òsì.
O gbé e sókè bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀,
ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kó tó lọ bó ṣe wá.
Ta ló rí i? Èmi, àti yìnyín,
yìnyín sì ti yọ́.
A ò lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kò sí àkọsílẹ̀.
"Rárá" ò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ.
Mo gbé kálàmù lé e. Mo gbé e kúrò.
Mo lọ fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni" ni mo kọ.
Kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni mímọ́, má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ jẹ:
mo kàn mọ̀ pé bí mo bá purọ́,
gbogbo ìgbà tí o bá ń sáré
ni n ó máa wo ẹsẹ̀ yẹn bí ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Melker pè, ohùn rẹ̀ tutù.
"A gba ajá yín, màmá, àyàfi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì."
Mo ní, "Ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ gbà?"
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àti orí," ló wí, "àti ìrù, àti gbogbo inú."
Mo fọwọ́ sí i.

Agolo kọfí kan wà lórí fíríìjì báyìí,
ọgọ́ta kúrónà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì,
owó tí mo fi ń ta tẹ́tẹ́ tẹ́lẹ̀.
Mo lẹ bébà mọ́ ọn lára: ẸSẸ̀ KẸRIN.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Ìwọ ń gbọ́ ọ̀rá wàràkàṣì láti inú oorun.
Sùn, jàre. Mẹ́ta jẹ́ tiwọn.
Èyí tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú àlá yẹn, tèmi ni.