Ojú-Ìwé Kan fún Ọjọ́ Ajé

Ní Grimsby, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń rùn bí ẹja,
mo kọ ìròyìn ogójì ojú-ìwé
nípa ẹja dídì tí ilé-iṣẹ́ wa ń tà.
Mo ya àwòrán róbótó tí a gé bí kéèkì,
mo kùn ún láwọ̀ mọ́kànlá:
pupa, àyìnrín, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo bá a lábẹ́ ife tíì Ọ̀gá Blanchard.
Ife ti fi òrùka sójú-ìwé àkọ́kọ́.
Èyí tó kù, kò sẹ́ni tó ṣí i.

Mo bínú. Mo ní wọn ò mọyì iṣẹ́.
Mo délé, mo gbé e kalẹ̀,
èmi tí mo kọ ọ́ ò lè kà á parí.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.
Ìyá mi sọ ọ́ títí ó fi kú,
n kò mọ̀ pé iṣẹ́ mi ló ń bá wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà.
Mo wọ bàtà rọ́bà, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá yìnyín,
mo bi Dorcas Pell, tó ń ka àpótí lóru:
"Kí lẹ máa ń fẹ́ mọ̀ tẹ́ ẹ bá wọlé?"
Ó wò mí bí ẹni tí a kò bi léèrè rí.
"Ẹja mélòó ló bàjẹ́, àti ní aago mélòó."
Ó tán. Kò sọ ìkejì.
Mo bi Ọ̀gá: "Ìpinnu wo lẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Ajé?"
Ó họrí. "Bóyá kí n ra ẹ̀rọ yìnyín míì.
Ẹgbàáwàá pọ́n-ùn ni wọ́n pè é."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Mo mú pẹ́ńsù, mo ya á sẹ́yìn bíìlì iná kan:
lókè, níbi tí ojú kọ́kọ́ ń bà sí,
nọ́ńbà kan ṣoṣo, kó tóbi bí orí màlúù.
Lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan láti alẹ́ dé òwúrọ̀.
Àwọ̀ eérú fún gbogbo ohun tí kò yẹ kó pariwo;
pupa, ẹ̀ẹ̀kan péré, níbi tó ti ń dunni.
Mo pa àwòrán róbótó rẹ́. Ó dùn mí díẹ̀.

Iye tí kò ní iyè nínú, òkú iye ni.

Nígbà tí ìlà náà jáde, mo dákẹ́.
Ó ń lọ pẹrẹsẹ bí etí odò Humber nígbà tí omi bá fà,
ó wá gòkè fìrì láago méjì òru,
ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.
Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìlẹ̀kùn ni.
Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń ti Scotland dé,
wọ́n á fi òkúta ti ilẹ̀kùn kó má padé.
Dorcas ti ń sọ ọ́ láti èṣí.

Mi ò kọ "Ìròyìn Oṣù Kẹta" sórí rẹ̀.
Mo kọ: "Ìlẹ̀kùn kan ló ń jẹ ẹja wa."

Ọ̀gá Blanchard kà á ní ìdúró,
ó kà á tán kí tíì rẹ̀ tó tutù.
Kò yìn mí. Ó mú fóònù, ó pe káfíńtà.

Ìwé náà ṣì wà lára ògiri yàrá yìnyín, etí rẹ̀ ti ká.
Dorcas ń fi bírò fa ìlà tirẹ̀ kún un.
Lánàá mo rí àmì ìbéèrè kan
tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjọ́rú.

Mo ń wá bàtà rọ́bà mi.