Ìṣẹ́jú Kan Gbáko

Nọ́ọ̀sì Àpatá kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́.
Tí o bá na ọwọ́ sí i, ọrùn ọwọ́ rẹ ni yóò dì mú,
ìka méjì lórí iṣan,
yóò wá gbójú sí aago kékeré tó fi pínnì so mọ́ àyà,
aago tó dorí kodò bí àdán,
tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń rí ojú rẹ̀.
Ìṣẹ́jú kan gbáko. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.
Lẹ́yìn náà ló tó máa bi ọ́ pé,
"Ilé ń kọ́? Ìyá rẹ ti ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé?"

Àwa ọmọ Òkèṣà, Nọ́ọ̀sì Ṣọ́jà là ń pè é,
lẹ́yìn rẹ̀ ni o.
Bàtà ogun rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn:
ó gbin efinrin sínú ti ọ̀tún,
ti òsì ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí.
Gbogbo olè Iléṣà ló mọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò.

Ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.
Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìlà funfun ní ilé ìwòsàn Wésílì,
fìlà tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, tó le bí èèpo ẹyin.
Baba rẹ̀, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ ará oko,
gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní,
"Dọ́káàsì, ọmọbìnrin kì í lọ ogun."
Ó ní, "Baba, èmi kọ́ ni mò ń lọ jà.
Àwọn tó ń jà ni mò ń lọ bá."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi,
lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí à ń bó ẹ̀pà lábẹ́ àtùpà.
Ó ní ẹ̀gbẹ́ odò kan ni, òjò ń lu tapólì,
wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wọlé, kì í ṣe tiwa.
Irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀.
Ó ń sọ èdè tirẹ̀,
òun náà ń fi Ìjẹ̀ṣà dá a lóhùn,
ẹnìkan ò gbọ́ ẹnìkejì, ọ̀rọ̀ sì ń wọ̀.
Oògùn ìrora ti tán láti àárọ̀.
Kí ló kù? Ìka méjì ló kù.
Ó dì í mú, ó ń kà.
Ó ní òun kà á dé iye kan.
Mo ní, "Mélòó ni, Màmá?"
Ó bó ẹ̀pà mìíràn.

Nígbà tó dé, ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ló bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí iná bá lọ, a fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.
Ìwé tó kọ wọ́n sí wà nínú àpótí irin:
ìbejì kan, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ;
ọmọ awakọ̀, ìyá rẹ̀ ò lówó, a kó aṣọ jọ fún un;
èmi, ọjọ́ Ẹtì, póùn mẹ́fà,
"ó pẹ́ kó tó ké. Mo dúró tì í."

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí wọ́n wá sí Òṣogbo
fún àyẹ̀wò àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì.
Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e.
Aago mẹ́fà àárọ̀, ìlà ti gùn dé ìdí igi dóńgóyárò.
Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ṣí ìwé lọ, ó ṣí i bọ̀:
"Màmá, èyí ò tó. Kí ló fi hàn pé ẹ ṣì wà láyé?"

Nọ́ọ̀sì Àpatá ká apá aṣọ sókè,
ó gbé ọrùn ọwọ́ lé orí fáìlì,
awọ tó ti fẹ́lẹ́ bí ojú ewé Bíbélì.
Ó ní, "Kà á."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.
Ó na ìka méjì, kò bọ́ síbi tó yẹ,
màmá bá a sún un sókè díẹ̀.
"Ìṣẹ́jú kan gbáko. Má sọ̀rọ̀."
Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì,
tí ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n kan ilẹ̀kùn fún lóru.

"Méjìdínláàádọ́rin, mà."

Kò tilẹ̀ wo aago. Ó ń fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.
"Àádọ́rin ni," ó ní. "O fo méjì."