Láàárín Ẹ̀rin àti Àrún

Èmi Nemésíò Ayabíre, èmi ni mò ń nu dígí
lórí òkè kan nínú aṣálẹ̀ Atakámà,
níbi tí òjò ti dà bí àlejò tó gbàgbé ọ̀nà ilé wa.
Dígí náà fẹ̀ ju yàrá tí wọ́n bí mi sí.
Mo ń fi aṣọ funfun nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun,
torí eruku bíńtín, Dókítà Ingunn ló wí bẹ́ẹ̀,
lè pa odidi ìràwọ̀ kan rẹ́.

Òun náà ló sọ fún mi nídìí kọfí:
"Ìmọ́lẹ̀ tá a rí lánàá ti gbéra
kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ.
Ìràwọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ lè ti kú."
Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn.
Mo ní: lẹ́tà ni nígbà náà.
Ẹni tó kọ ọ́ ti wà ní sàréè,
èmi sì rèé, mò ń nu àpò ìwé.
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá wọ́n là mí níkùn ní Kalámà.
Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kà.
Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,
ògiri aláwọ̀ ewé, òùngbẹ,
wákàtí mẹ́ta ti lọ.
Kì í ṣe oorun. Oorun ní ẹnu ọ̀nà,
èyí ò ní.
Ọkàn mi ń lù, ẹ̀dọ̀fóró ń ṣiṣẹ́,
gbogbo ará ilé wà nílé,
onílé nìkan ni kò sí.
Ta ló wá dá mi padà?
Báwo ló ṣe mọ̀ pé èmi ni?

Dókítà fẹ́ràn ìṣirò. Ó ju owó pésò sókè, ó há a:
"Kí owó yìí ṣubú sí ojú kan náà nígbà ẹgbẹ̀rún
rọrùn ju kí wọ́n bí ìwọ gan-an lọ."
Mo ní, ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló ń kà á?
Ẹni tí wọn ò bí kò lè wá bèèrè ìdí.
Okùn bàtà ìyá mi já, bọ́ọ̀sì àwọn awakùsà fi í sílẹ̀;
ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá a so ó ni bàbá mi.
Gbogbo ìràwọ̀ yìí,
àti okùn bàtà kan.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí,
ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.
Àgbáńlá ayé ńkọ́, ta ló ń bá a rí tiẹ̀?
N ò sọ pé àwa ni.
Mo kàn rí ojú mi nínú dígí lálẹ́ yìí,
ó tóbi, ó dorí kodò, irùngbọ̀n mi ń tọ́ka sókè,
mo sì dẹ́kun nínù fúngbà díẹ̀.

Òrùlé ń ṣí. Otútù wọlé.
Mo gbé garawa, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Mo dúró. Mo di irin mú.
Àrún.