Òkè Tí Mo Yà Sójú Pátákó

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ti oko pòtétò dé,
ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn.
Kíláàsì keje, yàrá kẹrìnlá, àríwá Maine,
níbi tí ìkórè ti í gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ìwé
tí ẹnikẹ́ni kì í bínú.
Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn
bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.
Mo mú ẹfun, mo ya òkè kan:
ìpìlẹ̀ nísàlẹ̀, ìgòkè, ṣóńṣó, ìsọ̀kalẹ̀,
bí wọ́n ṣe yà á fún èmi náà lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn.
Mo ní, "Báyìí ni ìtàn ṣe ń rìn."

Noreen Pelletier nawọ́ sókè.
"Mádàámù Ouellette, kò sí òkè níbí.
Poro ni a ní.
Ẹ ó lọ dé òpin, ẹ ó yí padà,
ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti wá."
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.
Mo wo ojú fèrèsé: ilẹ̀ tẹ́ lọ bí ẹní
títí dé etí odò tó yà wá nípa sí Kánádà.
Mo mú dọ́sítà, mo nu òkè kúrò.

Ibùdó ìtàn, mo ní: ibo ni, ìgbà wo ni?
Thaddeus Cyr kọ ọ́: Oko. Òwúrọ̀.
Òwúrọ̀ wo? Òwúrọ̀ pọ̀ bí irun orí.
Ó họ orí, ó fagi lé e, ó tún un kọ:
Òwúrọ̀ tí ìbọ̀wọ́ mi le gbagidi bí ẹja gbígbẹ,
tí bàbá àgbà ní kí n má sọ̀rọ̀
kí ooru ẹnu mi má baà tán.
Ó dákẹ́. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó kọ.

Ẹ̀dá ìtàn kì í ṣe orúkọ àti àwọ̀ irun.
Kí ló ń wá? Kí ló ń bà á lẹ́rù?
Kí ló wà nínú àpò rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí?
Ọmọ mẹ́ta fọwọ́ kan àpò ara wọn.

Wọ́n rò pé ìforígbárí, ẹ̀ṣẹ́ ni,
imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Noreen ní, "Ìrì dídì ń bọ̀ lálẹ́,
éékà méje ṣì wà nínú ilẹ̀,
ẹ̀rọ ìwapòtétò kọ̀, kò dún.
Ta ló ń bá ta jà níbẹ̀?"
Mo fi ẹfun lé e lọ́wọ́.

Ta ni asọ̀tàn?
"Pòtétò ni," Thaddeus ló wí bẹ́ẹ̀.
Mo ní pòtétò kò ríran.
"Ó lójú, Mádàámù. Ojú mẹ́jọ, mẹ́sàn-án,
gbogbo rẹ̀ ló sì wà nínú òkùnkùn."
N kò rí èsì fọ̀ títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Wọ́n ní ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.
Ti Lucien Daigle kò ju ìlà mẹ́ta lọ:
Bàbá mi pa ẹ̀rọ.
Ó jókòó sórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin kan wá wọ́ ọ lọ.
Mo ti la ẹnu láti béèrè kókó ọ̀rọ̀,
kókó náà sì há mi lọ́fun.
Mo bi í, kí ni bàbá rẹ̀ ń wò.
"N ò mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí."
"Kọ ẹ̀yìn náà."

Agogo lù. Bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè níta,
àwọn ìyókù ti dà á sílẹ̀ bí ẹyẹ.
Ó wọ kóòtù rẹ̀ tán, ó tún jókòó.