Fóònù Tí Kò Lára

Yìnyín ti di àwo lójú fèrèsé,
èéfín èédú ń wọ́ lórí Ulaanbaatar bí ẹni tó ṣìnà ilé.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń dúró de fóònù kan
tí kò lára, tí kò lẹ́yìn, tí ẹnìkan ò lè fi sápò.
Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Àfarawé ni.
Mo ní kó jọ ti Luvsan, àbúrò ìyá mi,
tó ń da ewúrẹ́ ní aṣálẹ̀ Gobi,
nítorí mò ń kọ ètò kan tí yóò máa bá a kà wọ́n.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó lajú!
Mo tẹ bọ́tìnì, ó ń ronú.
Mo gbé omi tíì kaná, ó hó, mo bu mílíìkì àti iyọ̀ sí i,
bọ́tìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹrí ba ni.

Mo bù kún mẹ́mórì rẹ̀: gígì méjì, gígì mẹ́rin.
Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ta ló ń tìtorí àlejò ta ibùsùn onílé?

Uyanga, tí a jọ ń gbé yàrá, yọrí lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì:
“Èdè wo lo ní kó máa sọ?”
Háà. Èdè fóònù ni mo yàn fún un,
kọ̀ǹpútà ò gbọ́ ọ, ògbufọ̀ ló wà láàárín wọn,
tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ ẹyọ,
àní “bẹ́ẹ̀ ni” lásán, ó dìgbà tó bá túmọ̀ ọ.
Mo lé ògbufọ̀ lọ. Mo yan èdè onílé.

Kò tíì tó.
Mo pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án, ìka mi lórí F2
títí ojú ewé aláwọ̀ búlúù fi yọ.
Nísàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ti tì láti ilé iṣẹ́:
àṣẹ pé kí ẹ̀rọ kan lè gbé ẹ̀rọ mìíràn pọ̀n.
Mo ṣí i.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án!
Ewúrẹ́ ń yí lójú rẹ̀, ọgọ́rùn-ún, igba.
Uyanga pàtẹ́wọ́. Mo pe Luvsan.
Ó gbé e lẹ́ẹ̀kẹrin, afẹ́fẹ́ ń jà lẹ́nu rẹ̀.
“Fóònù mi? Ó wà o.
Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀,
màá ti fa garawa omi mẹ́ta kó tó dáhùn.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.
Mo dá mẹ́mórì padà sí gígì kan,
mo so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀,
mo tẹ bọ́tìnì.
Tíì ti tutù. Ó ń ronú.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ètò mi kúrú.